Ta ló ń ṣọ́ ojú oórì? Òfin itẹ́ òkú n'Ìbàdàn àti ibi tó ti ń jò

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń rú láìmọ̀ pé òfin ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá sin òkú, tàbí tó gbìyànjú àtisin ín, sínú ilé, àgbàlá tàbí ọgbà, tàbí síbi tí kò jìnnà tó 100 yáàdì sí ilé tí ènìyàn ń gbé, láìgba àṣẹ ìjọba, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú un fi aṣọ péńpé roko ọba fún oṣù 6. Abala 246 ni, nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù jogún láti ayé òyìnbó amúnisìn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní Orí 38 nínú àkójọ òfin rẹ̀ ti ọdún 2000.

100 yáàdì jẹ́ nǹkan bíi mítà 91. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Òjé, Bẹẹrẹ tàbí Kúdẹtì, ẹ óò ti kọjá agbo ilé mélòó kan kẹ́ ẹ tó dé òpin rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé òfin yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sí ibì kan láàárín ìgboro tí ènìyàn lè sin òkú sí, àfi itẹ́ òkú tó gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ agbo ilé àtijọ́ èyíkéyìí, ẹ óò rí sàréè lọ́dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé, lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n lẹ táìlì mọ́ òmíràn, àwọn ọmọdé sì ń jókòó jẹun lórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn onílé fẹ́ bá ìjọba ja. Wọ́n gbà pé kò yẹ kí àgbà ilé jìnnà sí ọmọ rẹ̀. Bákan náà, sàréè máa ń ṣe ẹ̀rí ilẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé kóòtù, ẹbí tó lè na ìka sí ojú oórì baba ńlá wọn kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ìdí tó kù ni àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ síta. Ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé bí àwọn bá gbé òkú àwọn lọ sí itẹ́ òkú ìta, àwọn kan yóò wá hú u. Nínú yàrá ilé, ta ni yóò wá gbẹ́lẹ̀ lóru?

Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé Sókà, níbi tí wọ́n ti rí agbárí àti egungun ènìyàn nínú igbó ní oṣù Kẹta ọdún 2014, pẹ̀lú àwọn tó ṣì wà láàyè tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀rọ̀ oògùn owó le débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá ní kí ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Nígbàkigbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún jáde, ariwo tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀: kí wọ́n fi kún ọdún ẹ̀wọ̀n àwọn tó ń hú òkú. Kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni òfin wa ti ń jò jù. Itẹ́ òkú tí kò ní ìwé tó sọ ẹni tó wà nínú sàréè kọ̀ọ̀kan kò ṣeé ṣọ́, bí wọ́n bá sì tú u, ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣeé rò délẹ̀.

Òfin tó ka táìlì sí ju egungun lọ

Abala 242 ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú tàbí egungun òkú lọ́nà tí kò yẹ, tàbí tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, yálà ó ti wọ ilẹ̀ tàbí kò tíì wọlẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló tọ́ sí i. Abala kan náà mú ẹni tí ìsìnkú já lé léjìká, bóyá òfin ló gbé e fún un tàbí òun fúnra rẹ̀ ló gbà á ṣe, tó wá pa iṣẹ́ náà tì, ì báà gbowó tàbí kó má gbowó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ lò: òfin náà gbé ẹrù àlàyé lé orí ẹni tí wọ́n mú. Bí ó bá ní ìdí tó bófin mu, òun ni yóò mú un wá.

Ẹ wá fi í wé àwọn abala tó kù. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan onínǹkan jẹ́, bíi kó fọ́ gíláàsì mọ́tò, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 náà ni abala 451 pèsè fún un. Ẹni tó bá jí mábù tàbí ọ̀pá irin orí sàréè gbé ti bọ́ sábẹ́ abala 390, tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ìyẹn ni pé níwájú òfin wa, ẹni tó yọ táìlì lọ lè pẹ́ lẹ́wọ̀n ju ẹni tó yọ egungun lọ. Ohun tó fà á ni pé òkú kì í ṣe dúkìá ẹnikẹ́ni, ohun tí kò sì ní olówó kò ṣeé jí lójú òfin. Nítorí náà, a kò lè pe ẹni tó gbé agbárí ní olè. Abala 242 nìkan ló kù, àti abala tí àwọn ìpínlẹ̀ ìhà ibí fi de ẹni tí wọ́n bá bá ẹ̀yà ara òkú lọ́wọ́ rẹ̀ láìnídìí.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ẹrù ni òfin ti mú jù. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, abala 427 sì fara mọ́ ọn: oníṣòwò irin àlòkù tó mọ̀ pé orí sàréè ni wọ́n ti yọ irin tí òun ń gbé sórí òṣùwọ̀n lè gba ọdún 14, nígbà tí olè fúnra rẹ̀ ń gba 3. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ dín jíjí irin itẹ́ òkú kù, ìdí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Irin sàréè rọrùn dá mọ̀, nítorí ó sábà máa ń ní símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, wọ́n sì máa ń jó orúkọ tàbí àgbélébùú mọ́ ọn.

Bí ẹjọ́ ṣe ń kú

Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú agbárí nínú àpò. Ó ní òun rà á ni, tàbí pé ẹnì kan ló ní kí òun bá òun gbé e. Ọlọ́pàá gba àkọsílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù Ìyágankú. Adájọ́ májísíréètì bi agbẹjọ́rò ìjọba ní ìbéèrè tó rọrùn: òkú ta ni? Sàréè wo ni wọ́n tú? Ọjọ́ wo? Ta ló rí i? Kò sí ẹbí tó wá jẹ́rìí, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ti òun ni. Alábòójútó itẹ́ òkú kò ní ìwé. Dókítà tó yẹ egungun wò kò kọ ìjábọ̀, tàbí ó kọ ọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un, títí adájọ́ fi ní òun kò lè máa dúró de ẹ̀rí tí kò dé.

Bó o gbé ọdún 2 di 20, ìbéèrè náà ṣì ń bẹ níbẹ̀: òkú ta ni?

Apá kejì léwu ju èyí lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti rí i pé ẹjọ́ kì í débì kan, ojú pópó ni wọ́n máa ń ti í dá. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá egungun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ti kó táyà. Àwọn tó bá lù ú pa ti di apànìyàn lábẹ́ òfin, ohun yòówù kó wà nínú àpò náà. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe gbogbo egungun ló jẹ́ ti oníṣẹ́ ibi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń fi egungun kọ́ṣẹ́, ó sì yẹ kó ní ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bírìkìlà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ n'Ìbàdàn lè kan egungun nígbàkigbà, nítorí ìlú tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1829, tí wọ́n sì ń sin òkú sílé láti ìgbà náà, kún fún ojú oórì tí kò ní àmì mọ́.

Bí bírìkìlà bá kan egungun, kó dá ṣọ́bìrì dúró. Kó má kó o dà sígbó, nítorí ìyẹn gan-an ni abala 242 ń bá wí. Kó fi tapólì bo ibẹ̀, kó sọ fún onílé, kí onílé pe DPO àgbègbè àti wolé-wolé káńsù. Bí dókítà bá ní egungun náà ti pẹ́, tí àmì ìwà ipá kò sì sí lára rẹ̀, wọn óò tún un sin pẹ̀lú àkọsílẹ̀, iṣẹ́ á sì tẹ̀síwájú. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ọlọ́pàá ló ni ibẹ̀ nìyẹn títí wọn óò fi wádìí tán.

Iṣẹ́ ta ni?

Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Dídá itẹ́ òkú sílẹ̀ àti bíbójú tó o wà níbẹ̀ gbangba, ó sì gbé fífi orúkọ òkú sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló lè ṣe òfin tó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n alága káńsù ni kẹ́ ẹ di mú bí igbó bá bo sàréè. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àwíjàre “a ò rówó gbà” kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́.

Ìṣòro Ìbàdàn ni pé káńsù 11 ló pín ìlú yìí mọ́ra wọn. Márùn-ún wà ní ìgboro, níbi tí èrò pọ̀ sí tí ilẹ̀ kò sí. Mẹ́fà wà lẹ́yìn ìlú: Àkìnyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Káńsù ìgboro kan kò lè dá ra ilẹ̀ sí Làgelú kó wá máa ṣàkóso rẹ̀ láìsí àdéhùn. Nítorí náà, òfin tó bá máa ṣiṣẹ́ níbí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí káńsù méjì tàbí mẹ́ta ní itẹ́ òkú kan ṣoṣo pa pọ̀, pẹ̀lú ìwé kan àti ọ́fíìsì kan. Bí kò bá sí ìyẹn, ohun tí a mọ̀ náà ni yóò máa ṣẹlẹ̀: gbogbo ìgboro yóò máa dà sí àwọn bíi itẹ́ òkú Sángo, tí àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n, ìyókù yóò sì padà sílé.

Ìwé sàréè

Iṣẹ́ tó kéré jù lówó, tí a sì ń fi falẹ̀ jù, nìyí. Wọ́n á pín ilẹ̀ itẹ́ òkú sí ìlà-ìlà pẹ̀lú òpó kọnkéré kékeré ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, wọ́n á fún ojú sàréè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìwé ńlá tí wọ́n dì lẹ́yìn, tí ojú ewé rẹ̀ ti ní nọ́ńbà láti ilé ìtẹ̀wé, ló yẹ kí wọ́n lò, nítorí ewé inú fáìlì ṣeé fà yọ. Kí wọ́n kọ orúkọ òkú, ọjọ́ tó kú, ọjọ́ tí wọ́n sin ín, nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, ìlà àti nọ́ńbà sàréè, bó ṣe jìn tó, bóyá pósí wà tàbí kò sí, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, orúkọ àti fóònù ẹbí méjì. Kí ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ẹbí fọwọ́ sí i lójú ibẹ̀. Kí wọ́n fi fóònù ya ojú ibẹ̀ pẹ̀lú òpó igun nínú àwòrán náà. Ẹ̀dà kejì yóò wà ní ọ́fíìsì káńsù, kì í ṣe nínú búkà àwọn tó ń gbẹ́ sàréè.

Ìwé ẹ̀rí ikú ni ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń ti dojú rú pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń sin òkú, ọ́fíìsì Ìkànìyàn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí wọ́n sin ín pẹ̀lú ìwé dókítà tàbí ẹ̀rí ìmáàmù àti ẹbí méjì, kí ìwé Ìkànìyàn wá tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ 7. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò fara mọ́ kíkọ́lé lé sàréè kò ní láti kọ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà lára òpó igun tó, ìwé ni yóò sọ ìyókù.

Ó ní ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n sin òkú rárá kí ọlọ́pàá tó gbọ́: ikú òjijì tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á, ikú nípa ìjà, májèlé, tàbí òkú tí wọ́n rí lójú títì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí olórin Mohbad. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n sin ín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, ariwo sì gba ìlú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà wọ́n tún hú u kí dókítà lè yẹ ara rẹ̀ wò, kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ohun tó fa ikú, sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dókítà tó ń wá ohun tó pa ènìyàn rọrùn.

Gbígbẹ́, kíkọ́, àti ohun tó máa ń bà jẹ́

Sàréè tó péye jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gùn tó 7 sí 8, ó sì fẹ̀ tó 3. Apá ibì kan n'Ìbàdàn, òkúta ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ á sì dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 3, á ní ó ti tó. Sàréè bẹ́ẹ̀ ni òjò àti ajá máa ń kọ́kọ́ rí, òun náà sì ni olè lè tú láàárín wákàtí kan. Kí ẹbí mú téèpù ìwọ̀n dání, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí pósí tó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ náà wà nínú ewu: bí ihò bá ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5 nínú ilẹ̀ tó rọ̀ tàbí tó rin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ya lulẹ̀. Pákó ni kí wọ́n fi ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ jìnnà sí etí ihò tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kó má baà tì í wọlé.

Ilẹ̀ máa ń rì lẹ́yìn ìsìnkú, pàápàá nígbà tí ìdérí pósí bá jẹrà tí ó sì já. Ẹbí tó bá lẹ táìlì lọ́sẹ̀ kejì yóò rí i tí yóò là sí méjì kí ọdún tó yípo. Kí òjò ọdún kan kọjá ná. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó fi bulọ́ọ̀kù kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó sì da kọnkéré onírin nípọn ínṣì 4 lé e lórí, kí ẹsẹ̀ kọnkéré náà dúró lórí bulọ́ọ̀kù, kó má dúró lórí erùpẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà. Irú èyí náà ló ń fún olè ní wàhálà jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní láti ṣí i lọ́jọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má kó sínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ihò tí wọ́n dí pa kì í tó mí. Ẹ ṣí i sílẹ̀ kó fẹ́ dáadáa, kí ẹni tó bá wọlé ní okùn lára, kí ènìyàn méjì sì wà lókè.

Ọ̀rọ̀ ọgbà náà nìyí. Gbogbo alága káńsù ló fẹ́ mọ ògiri gíga yí itẹ́ òkú ká, nítorí ó dára nínú fọ́tò. Ògiri gíga tí kò sí ẹ̀ṣọ́ nínú rẹ̀, olè ló ń bò láṣìírí. Wáyà tí ènìyàn lè wò kọjá sàn jù, kí àwọn ará àdúgbò lè rí iná tọ́ṣì lóru. Ẹnu ọ̀nà kan péré, tí wọ́n ń tì ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìwé àbẹ̀wò ní ẹnu ọ̀nà, iná sólà ní igun kọ̀ọ̀kan, àti ọdẹ tó ń kọ aago tó yípo sínú ìwé. Láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹwàá, igbó ń hù kíákíá, bí wọn ò bá ro ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, eésún á ga ju ènìyàn lọ, àwọn ọmọ ìta á sì sọ ibẹ̀ di ibùjókòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbó kan náà ni iná ń jó, á sì jó pátákó orúkọ tí wọ́n fi igi ṣe pẹ̀lú.

Omi kànga

Ní tòótọ́, òkú kì í fa àjàkálẹ̀ àrùn bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò, àfi bí àrùn bí onígbáméjì tàbí Ebola ló pa ẹni náà. Omi ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Òkú tó wọn kílò 70 lè sun omi tó lítà 28 sí 42 sínú ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń jáde lọ́dún àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fi fọ́málíìnì tọ́jú òkú náà, kẹ́míkà náà ń bá a lọ. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ àgbélébùú pupa fi sílẹ̀ fún ìgbà àjálù ni pé bí òkú kò bá ju 4 lọ, kí sàréè jìnnà tó mítà 200 sí omi mímu. Bí wọ́n bá jẹ́ 5 sí 60, mítà 250. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mítà 350.

Nínú agbo ilé wa, kànga kò sábà jìnnà tó mítà 20 sí sàréè, omi ilẹ̀ sì máa ń gòkè gan-an nígbà òjò. Ẹni tó ní sàréè tuntun nítòsí kànga kò gbọdọ̀ mu omi náà láìsè é, ó kéré tán fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kó sì gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Ìkún omi ńkọ́? Àwọn tó rántí ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011 mọ ohun tí omi lè ṣe sí ilẹ̀ etí odò. Itẹ́ òkú kò yẹ nítòsí ibẹ̀ rárá. Ilé náà wà nínú ewu pẹ̀lú: ihò ẹsẹ̀ bàtà 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri amọ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ti gba ẹsẹ̀ ògiri náà. Ọ̀pọ̀ ògiri tí òjò wó ló ti ti ẹsẹ̀ kan bọ inú sàréè tipẹ́.

Bí ẹ bá bá ojú oórì yín ní títú

Ẹ má fi ọwọ́ kún un padà. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹlòmíràn pe ọlọ́pàá àti káńsù. Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè kí òpó igun tàbí sàréè àdúgbò lè hàn, lẹ́yìn náà láti itòsí, pẹ̀lú rúlà tàbí igi ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń yà. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò náà wà nínú fóònù tó yà á. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti pàdánù aago àti ibi tí wọ́n ti yà á. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní kí ìwé ẹ̀rí tẹ̀lé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kí kóòtù tó gbà á, ẹni tó yà á ló sì máa fọwọ́ sí i. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ abala 242 sínú àkọsílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń kọ “ìdàrúdàpọ̀” lásán. Bí Àmọ̀tẹ́kùn bá mú ẹnì kan, ẹ tẹ̀lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí àwọn tó mú un kọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó kúrò.

Láti ṣí sàréè náà wò, àṣẹ kóòtù ni ẹ óò gbà, pẹ̀lú ìwé ìbúra tó sọ ìdí rẹ̀. Ọlọ́pàá, wolé-wolé, dókítà àti ẹbí kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, pẹ̀lú tapólì yíká. Ẹbí tó bá dá a ṣe fúnra rẹ̀ ti ba ẹ̀rí jẹ́, ó sì lè di ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè.

Ohun tó yẹ kó wà nínú òfin tuntun

Ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, títú òkú láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó lè mú ọdún 2 sí 10 wá. Òfin ibẹ̀ tún ṣe ohun kan tí àwa kò ní: ó fún ọmọ àti ẹbí òkú ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ kí sàréè wọn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1857 ni òfin ti ní kí ẹni tó fẹ́ gbé egungun kúrò nílẹ̀ gba ìwé àṣẹ. Àwa náà nílò kí ọdún ẹ̀wọ̀n abala 242 ga ju ti olè táìlì lọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn aṣòfin wa ní Àgódi kọ ọ́ sínú òfin pẹ̀lú pé káńsù tí kò bá ní ìwé sàréè kò lè gba owó ìsìnkú, àti pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́ sàréè fún owó. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti sọ di itẹ́ òkú, kí ó má ṣeé tà, kí ọ̀nà tàbí ọjà má sì gbà á àyàfi kí ẹbí gbọ́, kí kóòtù fọwọ́ sí i, kí ìjọba sì san owó gbígbé òkú lọ síbòmíràn.

Ó tún ku àwọn sàréè tó ti wà nínú ilé. Òfin tó bá ní kí gbogbo ilé tó ní sàréè lọ sẹ́wọ̀n yóò kó gbogbo Ìbàdàn. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí gbogbo èyí tó wà kí ọjọ́ náà tó dé di ohun tí onílé yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní káńsù, pẹ̀lú àwòrán ibi tó wà. Èyí tó bá wáyé lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin yóò mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ ta ilé tí ojú oórì wà nínú rẹ̀, ẹ má dákẹ́ kí olùrà wá bá a lábẹ́ táìlì. Ẹ ní kí asàwòrán-ilẹ̀ fi ibẹ̀ sínú àwòrán ilẹ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bóyá ẹbí yóò gbé egungun lọ, ta ni yóò sanwó rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Tàbí bí kò bá ní kúrò, ọjọ́ wo lọ́dún ni ẹbí lè wá, ẹnu ọ̀nà wo ni wọn óò gbà wọlé, àti pé ẹni tó bá tún ra ilé náà lọ́wọ́ olùrà àkọ́kọ́ yóò bọ̀wọ̀ fún àdéhùn kan náà.